Kiyotaka àti Ẹ̀bẹ̀ Tó Pẹ́ Dé

Ẹnu Kiyotaka ló kó bá a. Ọmọ náà mọ̀wé, ó sì já fáfá, ṣùgbọ́n ó gbà pé ẹni tó bá ti ní àwíjàre tó mọ́gbọ́n dání kò jẹ ẹnikẹ́ni ní "ẹ jọ̀ọ́." Ojú mi ló ṣe. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń ṣe akọ̀wé fún Ogata, bàbá rẹ̀, níbi tí a ti ń fi àgbá igi ṣe omi ẹ̀wà sóyà, èròjà ọbẹ̀ dúdú, ní erékùṣù wa.

Kiyotaka lọ kàwé ní Kánádà fún ọdún kan. Ìgbà tó dé, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

"Ìyá Kuwabara," á ní, "ẹ̀yin ẹ kàn ń tẹríba kiri ni. Lọ́hùn-ún, bí ọ̀rọ̀ bá ṣe rí ni wọ́n ń sọ ọ́."

"Ó dáa, ọmọ Kánádà. Gbé tíì yìí fún bàbá rẹ."

Ká má purọ́, ẹnu náà kọ́kọ́ ṣe é lóore. Ó rí oníbàárà kan ní Kánádà, Màdáámù Lorna, tó fẹ́ máa ra ìdajì ohun tí à ń ṣe lọ́dọọdún, bó bá sáà ti jẹ́ ti inú àgbá ńlá àtijọ́. Ogata fi ọmọ rẹ̀ ṣe olórí ọjà títà. Ṣùgbọ́n àgbá ọ̀hún ń jò. Bàbá Hozumi, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, nìkan ló kù ní agbègbè wa tó lè fi ọparun tún un dì. Bí kò bá dì í, kò sí ọjà.

Òun àti Kiyotaka fi ọjọ́ Ajé ṣàdéhùn. Kiyotaka sún un sí Ọjọ́bọ̀, kò sì sọ fún bàbá náà. Ibi ìsìnkú aládùúgbò wa kan ni gbogbo wa wà lọ́jọ́ Ajé ọ̀hún. Bàbá Hozumi wọ ọkọ̀ ojú omi dé pẹ̀lú ọparun tó fọwọ́ ara rẹ̀ gé, ó dúró nínú òjò lẹ́nu géètì wa títí di ọ̀sán, ó sì padà sílé.

Nílẹ̀ wa, bí a bá ṣẹ àgbà báyìí, a kì í fi fóònù bẹ̀ ẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni a ó gbé páálí ìpanu dídùn lọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. A ó forí balẹ̀, a kò sì ní sọ ìdí kankan títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi béèrè. Mo ra páálí náà. Mo ní, "Kiyotaka, dìde, jẹ́ ká lọ."

"Kí la fẹ́ lọ ṣe? Mo máa pè wọ́n."

Ó pe bàbá náà lójú mi. "Bàbá, mo ti yí ọjọ́ padà, iṣẹ́ ló pọ̀ tí n kò fi sọ. Ẹ̀yin náà ì bá ti pè kí ẹ tó wọkọ̀. Ẹ wá ní Ọjọ́bọ̀."

Yéè! Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bàbá náà ní, "Ẹ ṣeun fún gbogbo ọdún tí a ti jọ ṣiṣẹ́," ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

"Ẹ rí i?" ni Kiyotaka wí. "Wọn ò bínú."

"Wọ́n ti dágbére fún wa, òmùgọ̀!" Tìbínú-tìbínú ni mo fi wí i.

Ọjọ́bọ̀ dé, a ò rí Bàbá Hozumi. Ìgbà yẹn lojú Kiyotaka tó là, ó sì pinnu láti bẹ̀bẹ̀. Ogún àárọ̀ gbáko ló fi wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ forí balẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bàbá náà. Ìyàwó bàbá ló ń jáde, tó ń fún un ní tíì, tó sì ń dá páálí rẹ̀ padà. Ní ogúnjọ́, ìyá náà ní, "Ọmọ mi, lọ sinmi. Ọparun yẹn ti wà lára àgbá ẹlòmíràn. Iṣẹ́ tí bàbá ṣe kẹ́yìn nìyẹn, wọ́n ti kó irinṣẹ́ wọn fún àwọn tó ni àgbá náà."

Màdáámù Lorna náà dé, ó bá àgbá tó ń jò. Kiyotaka bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ṣé o kọ́kọ́ bẹ bàbá yẹn? Ìlú tiwa náà, a máa ń bẹ èèyàn ká tó wí àwíjàre. Ta ló sọ fún ọ pé a kì í ṣe bẹ́ẹ̀?" Ọjà fọ́. Àgbá tí bàbá bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ gbẹ, ó sì sán. Ogata gbé àáké lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ pé kó là á sígi ìdáná. Ó ń là á, ó ń sunkún.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń lọ kàwé lókè òkun, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ má kọ́ ìgboyà ẹnu wọn nìkan, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ara wọn. Bí ẹ bá sì padà dé, ẹ má fojú tín-ín-rín ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi tọ́ yín dàgbà. Ẹni tó bá ṣẹ ọmọnìkejì rẹ̀, kó tètè bẹ̀bẹ̀, kó sì fi àlàyé sẹ́yìn.