Ọjọ́ Kan Nílé Màmá Nico

Kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, Nicolasa ti ṣí gbogbo fèrèsé, ó ti gbá ẹ̀yìnkùlé, ó sì ti wọ́n omi síwájú ilé kí eruku má bàa bo àwọn àlejò. Aago mẹ́rin ló ti jí. Ẹsẹ̀ ti ń ro ó kí iṣẹ́ ọjọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Tọkọtaya làwọn àlejò náà, Bogotá ni wọ́n ti wá. Ọkọ ń jẹ́ Fabricio, ìyàwó ń jẹ́ Marcela. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ òtẹ́ẹ̀lì, àwọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa kó àwọn kiri bí ọmọ ilé-ìwé. Àwọn fẹ́ lo ọjọ́ kan ní Cartagena bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀: kí wọ́n jẹ ohun tí ará Getsemaní, àdúgbò yìí, ń jẹ, kí wọ́n sun oorun ọ̀sán, kí wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́ kí wọ́n máa wo ẹni tó ń kọjá.

“Ilé yín mà tutù o, Màmá,” ni Marcela wí bó ṣe wọlé.

“Bàbá mi ló kọ́ ọ. Yàrá ọwọ́ ọ̀tún yẹn ni wọ́n bí mi sí.”

Fabricio ò kí ẹnikẹ́ni. Ó bọ́ bàtà, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó ju ṣẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì oúnjẹ, irun àyà rẹ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ra nínú òógùn.

“Mo ti di ará ilé,” ó ní. “Màmá Nico, ebi ń pa ọmọ yín.”

Nicolasa gbé arepa ẹlẹ́yin, àkàrà àgbàdo díndín tí ẹyin wà nínú rẹ̀, síwájú wọn. Fabricio ń jẹ, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, òróró ń ṣàn gba àgbọ̀n rẹ̀ bọ́ sí ikùn. Nígbà tó yó, ó fa kọ́tìnnì mọ́ra, ó fi nu ọwọ́. Nicolasa yíjú sí ògiri.

Marcela bèèrè iyọ̀. Nicolasa ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kan, ó pa á dé, ó ṣí òmíràn.

“Wọ́n ti gbé e kúrò níbi tó máa ń wà,” ó ní.

Lọ́sàn-án, bí ìrẹsì alágbọn ṣe ń hó lórí iná, Fabricio wọ ilé ìdáná. Ó ti ṣíbí bọ inú ìkòkò, ó lá a, ó tún tì í bọ̀ ọ́. Itọ́ rẹ̀ fà tẹ́ẹ́rẹ́ láti ẹnu rẹ̀ dé orí ìrẹsì. Nicolasa na ọwọ́ mú abọ́ kan.

“Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n bu tiyín sọ́tọ̀.”

“Ẹ má dára yín láàmú, Màmá. Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo yín ń ṣe é níbí?”

Fóònù Nicolasa dún. Ó nu ọwọ́ kó tó gbé e. “Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n fẹ́ jẹun báyìí. Rárá o, sà, inú wọn ń dùn.”

“Ọmọ yín ni?” ni Marcela bèèrè.

“Rárá,” ni Nicolasa wí, ó sì lọ yí ẹja inú òróró padà.

Ìrẹsì tí ó bù fún ara rẹ̀ kò ṣeé jẹ. Ó ti abọ́ sẹ́yìn, ó mu omi.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Fabricio wọ yàrá ọwọ́ ọ̀tún. Ó nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì tòun ti ẹsẹ̀ ìdọ̀tí, ó ń mu máńgòrò, ó ń tu háhá rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni Nicolasa fi ọwọ́ ṣà níkọ̀ọ̀kan nígbà tí ọkùnrin náà ń hanrun. Háhá náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Fabricio gbé ẹsẹ̀ kan lé orúnkún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan ta, ó balẹ̀ sínú àwo àkàrà àgbọn tí Nicolasa gbé síwájú wọn. Fabricio fi ìka ta á dànù, ó mú àkàrà náà, ó jù ú sẹ́nu.

“Fabricio! Ojú ò tiẹ̀ tì ọ́?” ni ìyàwó rẹ̀ wí.

“Ojú kí ni? Ṣé kì í ṣe pé ká gbé bí ará ibí la ṣe wá?”

Nicolasa dìde, ó lọ sí ilé ìdáná, ó di etí síńkì mú kí èébì má bàa gbé e. Marcela tẹ̀ lé e.

“Màmá, ẹ lé e jáde. Mo bẹ̀ yín ni. Ká ní ilé bàbá mi ni, ǹ bá ti da omi lé e lórí látàárọ̀.”

Nicolasa fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Ó gbé kẹ́tù tó ń hó kúrò lórí iná, ó gbé e jáde, ó dúró lé Fabricio lórí. Ọkùnrin náà gbójú sókè.

“Ọ̀gá…”

“Kí ló dé?”

Nicolasa rọra rẹ kẹ́tù náà sílẹ̀.

“Ṣé ẹ máa mu kọfí?”

Marcela wò ó láti ẹnu ilẹ̀kùn. Ìríra wà lójú rẹ̀, Nicolasa ò sì mọ̀ bóyá ọkọ ló ń wò bẹ́ẹ̀ tàbí òun.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, Fabricio gbá Nicolasa mọ́ra, òógùn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́. “Ẹ ò jẹ́ ká kúkú sùn síbí, Màmá?”

“Kò ṣeé ṣe, ọ̀gá. Aago mẹ́fà ti ń lù.”

Ó fi ọṣẹ fọ ojú lẹ́ẹ̀mejì, ó gbá èékánná náà jọ, ó ti gbogbo fèrèsé, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sínú àpótí tí ilé-iṣẹ́ tó ra ilé náà lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn kàn mọ́ ògiri fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, kó tó sáré lọ bá bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí El Pozón, níbi tó ń gbé.