Okùn Pupa Tí Fàthíà Kò Tètè Fà

Ta ló ti ọwọ́ Ọláníyì bọ inú ẹ̀rọ bébà: òun fúnra rẹ̀ ni, àbí èmi ìyàwó rẹ̀? Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń bi ara mi, mi ò tíì rí èsì. Ẹ̀yin tí ìtàn yìí bá dé orí fóònù yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ wá fi ránṣẹ́. Ẹ kà á tán ná. Ọkọ yín tàbí ọmọ yín lè wà nídìí ẹ̀rọ lónìí.

1.
Tíṣà ni Ọláníyì ní Ara-Ekiti níbí. Nígbà tí ilé-ìwé tó ti ń kọ́ni kógbá wọlé, a gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ kan lẹ́yìn Aramọkọ, tó ń sọ páálí àti ìwé àlòkù di tíṣù, fẹ́ kọ́ àwọn ènìyàn níṣẹ́ ẹ̀rọ. Oṣù mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ náà. Ẹni tó bá yege, wọ́n á gbà á síṣẹ́. Àdúràolúwa ọmọ wa ò tíì pé ọdún kan nígbà náà. Iṣẹ́ yẹn nìkan la gbójú lé.

Ọ̀gá Ezekiel ló ń kọ́ wọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó kó wọn lọ síwájú ẹ̀rọ: àwọn rólà irin gbígbóná tó ga ju ènìyàn lọ, tí wọ́n ń yí, tí bébà tútù ń gba àárín wọn kọjá títí á fi gbẹ. Okùn pupa kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí wọ́n bá fà á, ẹ̀rọ á dúró.

"Méjì-méjì lẹ ó máa ṣiṣẹ́," ló sọ fún wọn. "Ẹnì kan nídìí rólà, ẹnì kan nídìí okùn. Ẹni tó wà nídìí okùn, tó bá ti rí ewu, kó fà á. Kó má bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Fàthíà, ọmọ ogún ọdún, ni wọ́n pín mọ́ Ọláníyì. Ọláníyì yìí náà ló kọ́ ọ ní kíláàsì kìíní. Tó bá rí i lójú ọ̀nà, ó máa ń kúnlẹ̀ ni.

2.
Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Ọláníyì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo nǹkan nídìí rólà. Ó gbàgbé pé táwẹ́ẹ̀lì kékeré tó fi ń nu òógùn ṣì wà lọ́rùn òun. Fàthíà rí i bó ṣe ń fì lọ sí ẹnu irin. Ó fa okùn. Ẹ̀rọ dúró, bébà já, ó dà sílẹ̀ rẹpẹtẹ.

Àwọn òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ọmọ ilé-ìwé yín ti fún yín ní òdo o!"

Ojú Ọláníyì le. "Fàthíà, èmi lo ṣe báyìí lójú gbogbo ayé?"

"Ẹ má bínú, sà. Táwẹ́ẹ̀lì yín ni—"

"O ò lẹ́nu ni? O ò lè pè mí? Ṣé bí mo ṣe kọ́ ẹ nìyẹn?"

Ó délé, kò lè jẹun. Nígbà tó rò ó fún mi, èmi náà gbaná jẹ. "Fàthíà yìí náà, Bàbá Àdúrà? Ọmọ tí ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú kó tó mọ ìwé kọ? Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi."

Lọ́jọ́ Àìkú, Fàthíà wá bẹ̀bẹ̀. Ọláníyì kọ̀, kò jáde sí i. Èmi ni mo dá a lóhùn, Àdúrà wà lẹ́yìn mi.

"Ẹ kú ulé, Àǹtí. Ẹ bá mi bẹ Tíṣà."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n látòní lọ, kí o tó fa okùn yẹn lórí ọkọ mi, kọ́kọ́ tọrọ ààyè. Àgbà ni."

"Àmọ́, Àǹtí, Ọ̀gá Ezekiel ní—"

"Ṣé Ezekiel ló kọ́ ẹ ní ABD?"

Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Mo ti gbọ́, ma."

Inú mi dùn. Mo tiẹ̀ fún un ní ọsàn mú lọ sílé.

3.
Ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí wọ́n ṣe ìdánwò. Bébà já, ó wé mọ́ rólà. Òfin ni pé kí wọ́n dá ẹ̀rọ dúró kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n Ọláníyì kò fẹ́ kí wọ́n tún fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún ya bébà náà kúrò bí ẹ̀rọ ṣe ń yí.

Fàthíà rí i nígbà tí etí ìbọ̀wọ́ há sí àárín rólà. Okùn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú, ṣé kí n—"

Igbe ló gbọ́.

Ó wá fà á. Ṣùgbọ́n irin tó wúwo tó yẹn kì í dúró lójijì, ó ṣì máa yí díẹ̀ sí i. Ìka mẹ́rin ló bá a lọ.

Nígbà tí wọ́n pè mí, mi ò mọ bí mo ṣe gun ọ̀kadà. Ọsibítù ní Aramọkọ ni wọ́n gbé e lọ. Mo ń ní kí ọlọ́kadà sáré, mo tún ń ní kó má sáré, torí ọmọ tó wà lẹ́yìn mi. Mi ò tíì mọ̀ bóyá ìka ni, bóyá apá ni, bóyá ẹ̀mí ni.

Lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, Fàthíà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀. "Àǹtí, mo tọrọ ààyè. Mo tọrọ ààyè bí ẹ ṣe sọ."

Ọláníyì kò rí iṣẹ́ náà gbà. Fàthíà kò padà síbẹ̀ mọ́. Èmi, tí mo bá ti gbọ́ ohùn ẹ̀rọ ìlọta ní àdúgbò báyìí, màá ti sáré lọ wá ọmọ mi.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín: ẹ má sọ fún ọmọdé kankan pé kó tọrọ ààyè kó tó gbà yín là. Ẹ jẹ́ kó fa okùn náà. Tí inú bá bí yín, ẹ bínú lẹ́yìn náà, kí ọwọ́ yín ṣì pé méjì.

Oṣù tó kọjá ni mo pàdé Ọ̀gá Ezekiel ní Aramọkọ, ó sì sọ ohun tí ọkọ mi kò sọ fún mi rí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ọjọ́ tí Fàthíà kọ́kọ́ dá ẹ̀rọ dúró, Ọláníyì ti wá bá Ọ̀gá náà ní kọ̀rọ̀. Ó ní ọmọ yẹn ló yọ òun lọ́wọ́ ikú, ṣùgbọ́n kó jọ̀ọ́, kó má jẹ́ kí ọmọ náà mọ̀ pé òun sọ bẹ́ẹ̀.