Ẹja Èéfín Àgbọn

Dosi ń to ẹja ọ̀bọ̀kún sórí àwọ̀n irin. Ó ń ká ìrù ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ ẹnu rẹ̀ kó má baà fọ́ lórí iná.

Kò fi igi dáná. Èèpo àgbọn ló kó sábẹ́ rẹ̀, nítorí èéfín igi máa ń sọ ẹja di dúdú, ti àgbọn a sì mú un pọ́n.

Favour, ọmọ rẹ̀, ń fẹ́ iná.

"Ọdún kẹta rèé," ni Dosi wí. "Ìwọ lo gba máàkì tó ga jù ní gbogbo Ikoga. Kí ni kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ yẹn tún ń wá?"

"Mọ́mì, wọ́n ní èmi ló kàn. Bí àyè kan bá ti yọ, ó di tèmi."

"Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ léṣìí." Dosi mí kanlẹ̀. "Ó ti rẹ̀ mí."

Ó yí ẹja náà padà. Kò jẹ́ kí ìkankan jó.

Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, agbọ̀n ti kún, ẹja ń dán gbinrin. Tọ̀yìbátù, oníbàárà láti Morogbo, dé. Ó wò ó, ó pàtẹ́wọ́.

"Ìyá Favour, ọwọ́ yín ò ní rọ o! Ẹni tí mo fẹ́ fún kì í jẹ ẹja dúdú."

Ó sanwó, ó gbé agbọ̀n lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó pè. Dosi fi fóònù sí sípíkà kí Favour náà lè gbọ́ ìyìn.

"Ìyá Favour, ẹ bá mi yọ̀! Àyè kan péré ló yọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Ọ̀gá tó ń gba ọmọ wọlé ní irú ẹja yẹn ò kan òun lẹ́nu rí. Mọ́tọ́lá ọmọ mi ló fún!"