Ológbò Ìyá Torvik

"Ìgbà mọ́kànlá lo ṣí fáìlì Ìyá Torvik. Ṣé ìwọ ni dókítà wọn ni?"

"Rárá o, sà," ni akọ̀wé fáìlì ilé ìwòsàn náà dáhùn. "Ilé wọn ló kọjú sí tèmi. Èmi ni mò ń bọ́ ológbò wọn. Mo kàn fẹ́ mọ ọjọ́ tí wọ́n máa padà sílé ni."

"Òfin ò mọ ológbò," ni ọ̀gá tó ń ṣọ́ àṣírí àwọn aláìsàn wí. "Òní niṣẹ́ ẹ parí níbí."

"Mo gbọ́, sà. Àmọ́ látọjọ́ Mọ́ńdè tẹ́ ẹ ti gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ mi, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe mọ́. Ṣé ara wọn ti ń yá?"

"Mi ò lè sọ ọ́. Ìjọba á bu owó ìtanràn lé wa lórí." Ọ̀gá ti lẹ́tà kan síwájú akọ̀wé. "Òfin ní ká kọ̀wé sí ẹni tí wọ́n bá yọjú wo fáìlì ẹ̀. Buwọ́ lù ú pé o ti rí i." Ó kọjú sí fèrèsé, ó ń wo yìnyín tó bo ìlú Duluth, ní Amẹ́ríkà. "Ka àdírẹ́sì ẹ̀ dáadáa."

Akọ̀wé kà á: *Sí ẹbí olóògbé Arlene Torvik.*

Ó buwọ́ lù ú, ó bọ́ káàdì iṣẹ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀ sórí tábìlì.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ fi kún un pé ológbò wọn ti ń gbé lọ́dọ̀ mi."