Omi àti Owó Omi

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní àdúgbò tí mo ń gbé títí dòní. Obìnrin kan wà lókè ilé wa, Màmá Olóyèdé, nọ́ọ̀sì àgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Èèyàn dáadáa ni, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Bó o bá ń ṣàìsàn, òun ni yóò kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn ẹ. Àbùkù kan ṣoṣo ló ní: kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tọrọ nǹkan lọ́wọ́ òun. Ohun tó bá wù ú ló ń fúnni. Bó o bá fi ẹnu ara ẹ bèèrè, o ò ní rí i gbà, yóò sì tún bú ẹ lé e.

Àwọn ọlọ́kadà tó ń gbé ọjà tá a rà lórí fóònù wá sílé ló ń jẹ nínú èébú yẹn jù. Ẹ mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe. Wọ́n á sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n á nu ojú, wọ́n á ní, "Màmá, ẹ fún wa lómi o." Kì í ṣe omi ni wọ́n ń wí. Owó omi ni, ẹ̀bùn kékeré tá a fi ń kún owó iṣẹ́ wọn. Kò sí òfin tó ní ká fún wọn, kò sì sí èyí tó ní ká má fún wọn. Màmá Olóyèdé kì í fún wọn. "Mo ti san iye tí wọ́n ní kí n san lórí fóònù," ni yóò wí. "Èwo ni ti omi?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, tí oòrùn mú ganrínganrín, Làmídì gbé sílíńdà gáàsì wá fún un. Làmídì kì í ṣe ọmọdé. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, orí ọ̀kadà yẹn sì ni ọmọ mẹ́rin ti ń jẹun. Ó ti ń gbé gáàsì kiri láti àárọ̀, kò sì sí ẹni tó ń ta omi ní àdúgbò wa, ilé ọlọ́gbà ni gbogbo ẹ̀. Ó gbé sílíńdà náà gun àtẹ̀gùn, ó sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu ilé ìdáná. Màmá ò kí i kú iṣẹ́.

Ó di ògiri mú. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ fún mi lómi."

"O ti tún bẹ̀rẹ̀!" ni Màmá fi dá a lóhùn. "Àgbàlagbà bíi tìẹ! Ojú ò tiẹ̀ tì ẹ́? Kò sí omi níbí. Lọ bèèrè omi lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ!"

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ fún yín. Mo jókòó nísàlẹ̀, mò ń gba atẹ́gùn, mo gbọ́ gbogbo ẹ̀, mo sì rẹ́rìn-ín. Mo ní ọkùnrin yìí mà ti kó sí i lónìí.

Làmídì ò jiyàn. Ó lè sọ pé, "Mà, omi inú ife ni mò ń wí." Ìtìjú ò jẹ́. Ó ní, "Ó ti tán, mà, ẹ má bínú," ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo rí i pé ètè rẹ̀ ti gbẹ, ó sì ti là. Mo ṣì ń gba atẹ́gùn mi lọ.

Kò tíì dé ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òpópónà wa tá a fi gbọ́ gbì! Òòyì ti kọ́ ọ lórí ọ̀kadà, ọ̀kadà sì wó lù ú lẹ́sẹ̀. Kí n tó débẹ̀, obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ títì ti gbé orí rẹ̀ lé itan, ó ń da omi tó ṣẹ́ kù nínú ike tirẹ̀ sí i lẹ́nu. Màmá Olóyèdé náà sáré dé. Iṣẹ́ rẹ̀ kúkú ni. Ó fọwọ́ kan ara rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó figbe ta: "Yéè! Omi ti tán lára ọkùnrin yìí! Làmídì, kí ló dé tó ò sọ?"

Làmídì lajú. Kò bínú. Ó ní, "Mo sọ fún yín, mà. Omi ni mo ní kẹ́ ẹ fún mi."

Màmá jókòó sínú eruku, ó ń sunkún. Èmi náà ò lè wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ó yè, ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti kán. Màmá sanwó ilé ìwòsàn, ó sì ń gbé oúnjẹ lọ sílé rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹsẹ̀ náà jiná, àmọ́ kò tọ́ mọ́, Làmídì ò sì lè gun ọ̀kadà mọ́ láéláé. Bàtà ló ń tún ṣe báyìí. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fi ọ̀pá rìn wá kí wa, Màmá bu omi tútù sínú ife, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Obìnrin tó máa ń pè é ní ìwọ ní, "Ẹ gbà, ẹ mu. Ẹ kú iṣẹ́ ọjọ́ yẹn." Làmídì mu ún tán. Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà," ó sì fi ọ̀pá rẹ̀ rìn lọ.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ rèé. Owó tẹ́ ẹ san lórí fóònù, owó iṣẹ́ nìkan ni. Kò tíì kan èèyàn tó ṣe é. Bẹ́ ẹ bá ní, ẹ fi nǹkan lé e lọ́wọ́: yinni yinni kẹ́ni ó ṣe mìíràn. Bẹ́ ẹ ò bá ní, ẹ kí i kú iṣẹ́, kẹ́ ẹ sì bu omi fún un, ẹ má bú u. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì máa ń jókòó nísàlẹ̀ tẹ́ ẹ máa ń rẹ́rìn-ín bíi tèmi, ẹ dìde. Màmá ti bẹ̀bẹ̀ títí, ẹsẹ̀ Làmídì ò tọ́. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.