Egungun Tí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Yàn fún Ọmọ Ajá

Àlọ́ mi rèé o, ó bọ́ sórí Ajá, ó bọ́ sórí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀.

Eyín ń yọ lẹ́nu ọmọ Ajá. Ó ti jẹ ilẹ̀kùn tán, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ òpó ilé. Ìyá rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Bí kò bá rí egungun fún un lónìí, òrùlé á wó lé wọn lórí.

Ìkookò gbọ́, ó fi egungun méjì rán Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sí i: kí ìyá ọmọ mú ọ̀kan, kí ẹni tó jíṣẹ́ mú ìkejì. Ọ̀kan jẹ́ orúnkún màlúù tútù, ó tóbi ju ẹnu ọmọ náà lọ. Ìkejì jẹ́ itan adìyẹ sísun tó ń ta sánsán. Mùdùnmúdùn inú orúnkún ló wà lọ́kàn Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀.

"Ìyá ọmọ, ẹ mú sísun. Tútù yìí, eṣinṣin ló ni ín."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó gbé oúnjẹ wá ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

"Èmi kẹ̀? Mo ti yó."

Ajá bá dá orin, àwọn aládùúgbò jáde, wọ́n ń gbè é:

Ẹni gbé e wá, kó tọ́ ọ wò,
*Tẹ̀rẹ́ńgbè.*
Bó bá dùn, ọmọ mi á jẹ,
*Tẹ̀rẹ́ńgbè.*
Bó bá gún ńkọ́, ọ̀fun ta ni?
*Tẹ̀rẹ́ńgbè.*

Ojú ti Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ó rún itan adìyẹ náà. Egungun tí iná ti mú gbẹ fọ́ ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, ó há a lọ́fun. Ó fi orúnkún sílẹ̀, ó ń wúkọ́ wọ igbó lọ.

Bó ṣe wà nìyẹn: ọmọ Ajá ń ha orúnkún tútù lẹ́nu ọ̀nà, ìyá rẹ̀ jókòó tì í, kò gbójú kúrò lára rẹ̀.