Ẹni Tí Wẹ́fíà Rán

Ní ọdún 1988, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, kò sí ohun tó ń ba Ràmọ́tà lẹ́rù tó pé kí wẹ́fíà, ọ́fíìsì tó ń ran aláìní lọ́wọ́, dá oògùn ọkọ rẹ̀ dúró.

Awakọ̀ lọ́rì ni Gàfárù, ọkọ rẹ̀, kí ọkọ̀ tó takìtì pẹ̀lú rẹ̀ lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́. Ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ kò padà sípò. Bí ó bá lo oògùn, yóò jókòó jẹ́ẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí kò bá lò ó, yóò dìde, yóò sì máa rìn láàárín títì bí ẹni tó ń wá mọ́tò rẹ̀. Láti ìgbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba, ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n, oògùn náà ti kọjá agbára Ràmọ́tà tó ń ta ọṣẹ. Wẹ́fíà ìjọba ìbílẹ̀ ló ń fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ lóṣooṣù.

Lọ́jọ́ kan, Olúyẹ́misí, akọ̀wé wẹ́fíà, dúró níwájú àwọn tó wá gba nǹkan.

"A fẹ́ tún orúkọ gbogbo yín yẹ̀ wò," ó ní. "Ẹnikẹ́ni tó bá wá sílé yín, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ẹni tó rán an. Bí a bá sì fẹ́ yọ ẹnì kan, a gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ fún un, kí òun náà lè wá sọ tẹnu rẹ̀."

Kúbúrátù, aládùúgbò Ràmọ́tà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan rọ, fi ìgbọ̀nwọ́ gún un.

"O gbọ́? Ẹni tó wá ṣọ́ni kì í sọ ẹni tó rán an. Èyí tí wọ́n rán sí Saifudeen tí òun náà ń gba nǹkan níbí tẹ́lẹ̀, ó ní ewúrẹ́ lòun fẹ́ rà. Ìgbà tó gbọ́ pé mọ́tò ló gbá Saifudeen, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀, wọ́n ní kó lọ gba owó ìtọ́jú lọ́wọ́ ẹni tó ni mọ́tò."

"Ẹni tó bá lọ́mọ tó ń ṣiṣẹ́ ńkọ́?"

"Ìyẹn tún burú. Wọ́n á ní kí ọmọ rẹ̀ máa bọ́ ọ."

Zulaikha, ọmọ kan ṣoṣo tí Ràmọ́tà bí, ń ránṣọ ní Sábó, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Òun ló ra rédíò tó wà ní yàrá. Òun ló ra àga tí Gàfárù ń jókòó lé. Nígbà tí Ràmọ́tà délé, ó gbé méjèèjì pamọ́ sọ́dọ̀ Kúbúrátù, ó tẹ́ ẹní fún ọkọ rẹ̀. Òun àti Kúbúrátù wá jọ fẹnu kò lórí ohun tí wọn yóò sọ.

Kò pẹ́ kò jìnnà, Kúbúrátù tiro wọlé.

"Ó ti dé. Ó ń béèrè yín kiri. Mo ní kí ló fẹ́, ó ní òun kàn ń kọjá lọ ni."

"Ṣé ó kọ nǹkan sílẹ̀?"

"Kò kọ nǹkan kan. Orí ló ń kó o sí. Irú wọn gan-an ló burú."

"Kí lo wá sọ fún un?"

"Ohun tí a jọ sọ náà ni."

Àgbàlagbà ni ọkùnrin náà. Bàtà rẹ̀ kún fún eruku ọ̀nà jíjìn. Ràmọ́tà wo bàtà náà, ó sì mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé Ìbàdàn ni wọ́n ti rán an wá, kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀. Ó wá sí i lẹ́nu láti béèrè ẹni tó rán an. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè, ó gbé e mì. Ẹni tó bá ń béèrè irú ìyẹn, wọ́n á ní ó ní nǹkan tó ń fi pamọ́.

Ọkùnrin náà kí Gàfárù tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó gba omi, ó jókòó.

"Ẹ kú ìtọ́jú bàbá o, ìyá. Ọmọ ibo ni wọ́n?"

"Ìkòyí-Ilé."

"Ilé ta ni, ní Ìkòyí-Ilé?"

Ó sọ fún un. Ọkùnrin náà mi orí.

"Mo gbọ́ pé jàǹbá ọkọ̀ ló fa àìsàn yìí."

Ràmọ́tà rántí ọ̀rọ̀ Saifudeen, ó yára dáhùn.

"Irọ́ ni wọ́n pa fún yín, bàbá. Àbímọ́ ni. Ó ṣe bàbá tó bí i lọ́mọ. Àbúrò bàbá rẹ̀, inú igbó ló kú sí. Ó wà lẹ́jẹ̀ wọn."

Ọkùnrin náà gbé ife omi sílẹ̀.

"Ṣé ẹ mọ̀ kí ẹ tó fẹ́ wọn?"

"Ta ní í sọ irú ẹ̀ fún ìyàwó?"

"Òtítọ́ lẹ sọ. Ọmọ ńkọ́?"

Ìbéèrè tí Ràmọ́tà ti ń retí nìyẹn.

"Ọ̀kan ni, obìnrin. Ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́."

"Mo gbọ́ pé ó mọ aṣọ rán."

Kò sí ohun tí àwọn èèyàn yìí ò mọ̀.

"Abẹ́rẹ́ lásán ló ń dì mú. Kí ló fẹ́ rán? Kò fi nǹkan kan ránṣẹ́ sílé rí."

"Ara rẹ̀ ṣá le?"

Bí ó bá ní ara rẹ̀ le, wọ́n á ní kó wá gbé bàbá rẹ̀ rù. Ràmọ́tà wo ọkọ rẹ̀ lórí ẹní.

"Ó ti ń hàn lára òun náà," ó ní. "Ó máa ń dá sọ̀rọ̀. A kàn ń fi bò ni."

Ọkùnrin náà pẹ́ kí ó tó dìde. Ó ṣe àdúà fún Gàfárù.

"Ẹ ṣeun, ìyá. Ẹlòmíràn ì bá purọ́ fún mi. Mo fẹ́ dé Ìkòyí-Ilé tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìdí fún ìyẹn mọ́."

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yà ní kọ̀rọ̀ ni Kúbúrátù yọjú.

"Ṣé ó gbà ọ́ gbọ́?"

"Díẹ̀ ló kù kó sunkún."

"Ìwọ obìnrin yìí. Tẹlifíṣàn ló yẹ kí wọ́n gbé ọ lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Gàfárù náà fi rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí oṣù yí po, Olúyẹ́misí fi oògùn lé Ràmọ́tà lọ́wọ́ bí ó ti máa ń ṣe. Wọn kò yọ orúkọ rẹ̀. Ó lọ gbé rédíò àti àga rẹ̀ padà wálé.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Zulaikha ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, ojú rẹ̀ wú fún ẹkún, ó ní àwọn òbí Mashood, ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ òun, ti ní kí ó jáwọ́ lọ́rọ̀ òun láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá Mashood ti wá wádìí ìdílé àwọn ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́.